Ọjọ́ Orí Ọkàn Àlàájì Yẹ̀kínì

Ara Àlàájì Yẹ̀kínì kò lélẹ̀ lórí àga olórí ẹbí láàárọ̀ Sátidé yẹn. Ó yí sọ́tùn-ún, ó yí sósì, ó tún fìlà ṣe. Èrò ti kún ojúde agboolé wọn ní Ìdúmàgbò, nítorí àwọn dókítà tó ti ń ṣèwádìí ogbó àti ọkàn ládùúgbò láti ọdún méjì sẹ́yìn wá jíṣẹ́ ohun tí wọ́n rí, kí wọ́n sì bá aráalé yọ̀.

Dókítà Khairiyyah, ọmọ ìtòsí Iga Ìdúngànràn, ààfin ọba Èkó, ló mú máìkì.

“Ẹni ọgọ́rin ọdún ni Baba wa, olórí ẹbí,” ó ní. “Ẹ̀rọ yẹ ọkàn wọn wò, ọkàn ẹni ọdún márùndínlọ́gọ́rin ló bá níbẹ̀.”

Àtẹ́wọ́ ró wàá. Ṣàíbù, ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá Àlàájì, tó jókòó sórí bẹ́ǹṣì lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, fẹnu sí i létí: “Ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣì lè fẹ́yàwó.”

Àlàájì rẹ́rìn-ín, àmọ́ àyà rẹ̀ ti já. Ó dá a lójú pé òun nìkan ló mọ̀ pé òun kò tíì pé ọgọ́rin. Ọdún méjìdínláàádọ́rin péré ni.

Ẹ má dá mi lóhùn, irọ́ ńlá ló pa. Nígbà tí olórí ẹbí àtijọ́ kú lọ́dún mẹ́wàá sẹ́yìn, ọkùnrin tó dàgbà jù nínú ilé ni àga tọ́ sí, Ṣàíbù sì ni. Ṣùgbọ́n láti kékeré ni ìyá Ṣàíbù ti gbé e lọ sí Kùtọnu, àgbà ló padà dé. Kò sẹ́ni tó rántí ọdún tí wọ́n bí i mọ́. Yẹ̀kínì, tí ewú ti bo orí ẹ̀, gba kóòtù lọ, ó búra ọjọ́ orí, ó bu ọdún méjìlá lé tirẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ìyá rẹ̀ ti sọ fún un pé lọ́jọ́ ìsọmọlórúkọ rẹ̀, Ṣàíbù ti ń sáré kiri ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ojúkòkòrò ni, kò lórúkọ méjì.

Ó wá ń ka ìka lábẹ́ agbádá. Ọkàn rẹ̀ fi ọdún méje dàgbà jù ú lọ. Àìsàn rẹ̀ gan-an ni wọ́n ń pàtẹ́wọ́ fún. Ó ti tó oṣù mẹ́fà tó ti ń sinmi lẹ́ẹ̀mejì lórí àtẹ̀gùn kó tó dé yàrá rẹ̀, tó ń sọ pé ogbó ni. Òun náà ti gba irọ́ ara rẹ̀ gbọ́.

“Ohun ayọ̀ tí ìwádìí fi yé wa,” Dókítà ń bọ́rọ̀ lọ, “ni pé kì í ṣe gbogbo èémí tó ń já ni ogbó. Àìsàn ọkàn ni òmíràn, ó sì ní ìtọ́jú bí a bá tètè rí i. Ẹni tí ọkàn rẹ̀ bá ti dàgbà jù ú lọ, kó má lọ sílé láìrí wa. Ti Baba kò mú wàhálà dání. Baba, ẹ bá wa dúpẹ́.”

Wọ́n gbé máìkì fún un. Bó bá sọ̀rọ̀, àga lọ. Bó bá dákẹ́, òun ni yóò lọ, àga á kù. Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ ń bá a. Tirẹ̀ kò tilẹ̀ tó ogún.

Ṣàíbù di apá rẹ̀ mú kó lè dìde. “Ẹ rọra, ẹ̀gbọ́n.”

Ọ̀rọ̀ “ẹ̀gbọ́n” yẹn ló ká a lára jù.

“Dókítà, ẹ pa ọgọ́rin yẹn rẹ́,” ó ní. “Ẹni ọdún méjìdínláàádọ́rin ni mí. Irọ́ ni mo pa.” Ó yíjú sí Ṣàíbù. “Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ wá jókòó. Àga yín ni.”

Ṣàíbù kò wo àga náà.

“Mo mọ̀,” ó ní. “Ìyá tèmi náà sọ fún mi. Mo rí i pé ó wù ọ́ jù mí lọ ni.” Ó fà á jókòó sórí bẹ́ǹṣì. “Jókòó, àbúrò. Tú bọ́tìnnì ẹ, kí dókítà gbọ́ àyà ẹ.”

Láti ọdún mẹ́wàá sẹ́yìn, kò sẹ́ni tó fi ìwọ bá Àlàájì sọ̀rọ̀ nínú ilé yẹn. Ó tú bọ́tìnnì náà, ó ń sunkún.