Orúkọ Tí Ọwọ́ Ń Pè

Nínú gbogbo àwọn tó ń ṣe ètò àwọn adití ní ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n kan, ẹnì kan ṣoṣo ni etí rẹ̀ ń ṣiṣẹ́, òun náà ni wọ́n sì ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ jù. Elétí ni wọ́n ń pè é. Bí wọ́n bá fẹ́ pe orúkọ náà, wọ́n á fa etí wọn méjèèjì sókè bíi ti ehoro, Elétí á sì rẹ́rìn-ín. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni láti fi ohùn tín-ín-rín kan sábẹ́ ètò kọ̀ọ̀kan kí wọ́n tó gbé e sáfẹ́fẹ́, ohùn tí kò sọ nǹkan kan, tó kàn ń kùn lábẹ́lẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ẹ gbọ́ ná, ètò tí adití ń ṣe fún adití, kí ni wọ́n ń fi ohùn ṣe níbẹ̀? Wọ́n ní iṣẹ́ Elétí nìkan ni ẹnikẹ́ni kò lè yẹ̀ wò, pé àfàìmọ̀ kó má jẹ́ pé oorun ló ń sùn láti ọjọ́ tó ti dé.

Òun náà gbìyànjú láti ṣàlàyé nígbà kan. Kò tíì pẹ́ tó dé nígbà náà, ọwọ́ rẹ̀ ṣì le bíi ti ẹni tó wọ ìbọ̀wọ́. Ó fẹ́ sọ pé ẹ̀rọ tó ń gbé ètò jáde kò mọ ìdákẹ́jẹ́, ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ ṣìnà, ohun tó sọ ni pé ẹ̀rọ náà kò mọ adití. Ẹ̀rín fẹ́ẹ̀ pa wọ́n. Láti ọjọ́ náà, bí ohunkóhun bá bàjẹ́ ní ibi iṣẹ́, ìbáà jẹ́ ilẹ̀kùn, ìbáà jẹ́ ìgò omi tó kọ̀ tí kò ṣí, ẹnì kan á fọwọ́ sọ pé "Kò mọ adití," gbogbo wọn á sì bú sẹ́rìn-ín. Àwàdà náà dùn débi pé kò sẹ́ni tó rántí bi í léèrè ohun tó fẹ́ sọ gan-an.

Obìnrin tó ń gé àwòrán ló fẹ́ràn àwàdà yìí jù. Àlùmọ́gàjí ni orúkọ tirẹ̀, ìka méjì tó ń ṣí tó ń padé lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́. Láàárín àwọn adití, èèyàn kì í fún ara rẹ̀ lórúkọ. Àwọn ẹlòmíì ló máa ń wo ìrìn rẹ̀, iṣẹ́ rẹ̀ tàbí àpá ara rẹ̀, wọ́n á sì fi orúkọ ọwọ́ sọ ọ́, ìyẹn ni yóò sì máa jẹ́ títí ayé. Ìyá Àlùmọ́gàjí ní àpá kan níwájú orí, kì í sì í pẹ́ rẹ́rìn-ín. Nítorí náà, bí wọ́n bá fẹ́ pè é, ìka kan á fà kọjá níwájú orí, ọwọ́ á wá ṣí sílẹ̀ lókè, ìka márààrún.

Ìyá yìí ló kọ́kọ́ dúró níwájú kámẹ́rà ètò náà, nígbà tí kò sí adití kankan ní gbogbo agbègbè náà tó tíì rí ẹni tó ń sọ èdè rẹ̀ lórí tẹlifíṣọ̀n rí. Láti ìlú dé ìlú, ilé yòówù tí adití bá wà, wọ́n mọ orúkọ rẹ̀. Nígbà tó kú, orúkọ inú ìwé ni wọ́n kọ sórí sàréè rẹ̀, orúkọ tó jẹ́ pé àwọn akọ̀wé nìkan ló ń pè é. Orúkọ ọwọ́ kò ṣeé gbẹ́ sára òkúta. Bí ọwọ́ tó ń pè é bá tán, ó tán náà nìyẹn.

Ohun tó ń já bàbá Àlùmọ́gàjí láyà nìyẹn. Adití ni bàbá náà, ojú rẹ̀ sì ti ń ṣú lọ díẹ̀díẹ̀, títí ó fi ku ìmọ́lẹ̀ àti àwọ̀ nìkan tó ń rí. Ẹni tó bá fẹ́ bá a sọ̀rọ̀, àfi kó gbé ọwọ́ sábẹ́ ọwọ́ rẹ̀ kó máa sọ ọ́ níbẹ̀, kí bàbá máa fọwọ́ tọ̀ ọ́ lẹ́yìn. Síbẹ̀, kò jẹ́ kí ètò náà kọjá lára òun. Lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ ni yóò jókòó síwájú tẹlifíṣọ̀n, tí ọmọ rẹ̀ á máa túmọ̀ fún un lọ́wọ́.

Ìgbà náà ni àwọn ọ̀gá ilé iṣẹ́ ní kí ètò náà kógbá sílé. Wọ́n ní àwọn yóò máa fi ẹnì kan tó gbọ́ èdè ọwọ́ sí igun ìsàlẹ̀ ìròyìn, nínú òbìrìkìtì kékeré kan tí kò tóbi ju ẹyin lọ, kó máa túmọ̀ ohun tí àwọn elétí ń bá ara wọn sọ. Ìtẹ̀síwájú ni wọ́n pè é. Àwọn tó ń sọ tinú wọn tẹ́lẹ̀, wọ́n ní kí wọ́n wá máa wo ọ̀rọ̀ ẹlòmíì láti igun, wọ́n sì tún ń retí kí wọ́n dúpẹ́. Wọ́n fún wọn láyè láti ṣe ẹyọ kan péré sí i, fún ìdágbére.

Àlùmọ́gàjí mú ọ̀rọ̀ náà lọ bá bàbá rẹ̀. Nígbà tó sọ ọ́ tán, bàbá di ọwọ́ rẹ̀ mú.

"Jẹ́ kí n wá síbẹ̀ wá pe orúkọ ìyá rẹ," bàbá ní. "Kí gbogbo wọn gbé ọwọ́ sókè nílé wọn, ká jọ pè é pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Kí n mọ̀ pé ọwọ́ tó mọ̀ ọ́n ṣì pọ̀."

Ọmọ rẹ̀ ní ó dáa. Ó mọ̀ pé kò sí ibòmíì tí ọwọ́ wọn ti lè pàdé. Àwọn tó mọ ìyá náà dáadáa ti darúgbó, ẹ má sì wulẹ̀ dárúkọ fóònù ìgbàlódé fún wọn. Tẹlifíṣọ̀n ni wọ́n mọ̀, ìgbà tí ètò náà ń bẹ̀rẹ̀ ni wọ́n mọ̀.

Lọ́jọ́ tí wọ́n ya á, bàbá wọ kóòtù pupa kan tí ìyàwó rẹ̀ rà fún un láyé ọjọ́un kí ó baà lè tètè rí i láàárín èrò. Wọ́n gbé iná kan sókè kámẹ́rà kí bàbá lè mọ ibi tí yóò kọjú sí. Ó sọ bí ìyàwó rẹ̀ ṣe máa ń bá àwọn tó ń ya àwòrán jà pé kí wọ́n má gé ọwọ́ òun kúrò, pé ojú tó rẹwà kò wúlò fún ẹnikẹ́ni bí ọwọ́ kò bá sí níbẹ̀. Ó ní kí àwọn tó wà nílé múra. Ó wá fa ìka kọjá níwájú orí, ó ṣí ọwọ́ sílẹ̀ lókè, ó sì fi í síbẹ̀, ó ń dúró de ọwọ́ wọn. Obìnrin tó di kámẹ́rà mú ń sunkún, ṣùgbọ́n kò jẹ́ kí àwòrán náà mì.

Nígbà tí Àlùmọ́gàjí jókòó sídìí kọ̀ǹpútà láti gé e, kò fọwọ́ kan ibi tí ọwọ́ bàbá rẹ̀ ti wà lókè. Ẹni tó bá mọ iṣẹ́ náà á ní ó pẹ́ jù, ó sì pẹ́ jù lóòótọ́. Ó fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Lábẹ́ àwòrán, ìlà tó ń fi bí ohùn ṣe ń lọ hàn nà gbọọrọ láìsí òkè láìsí ìsàlẹ̀, nítorí pé wọ́n ti gbé Elétí lọ sí ẹ̀ka rédíò, sọ́dọ̀ àwọn aláriwo ẹgbẹ́ rẹ̀. Àlùmọ́gàjí wo ìlà náà títí. Lójú tirẹ̀, nítorí àwọn elétí ni wọ́n ṣe ń fi ohùn sí i, kí wọ́n má baà rò pé tẹlifíṣọ̀n wọn ti bàjẹ́ bí wọ́n bá ṣèèṣì kan ètò náà. Láti ọjọ́ tí aláyé ti dáyé ni àwọn adití ti ń ro tàwọn elétí mọ́ tiwọn. Inú bí i. Ó ní ẹyọ kan yìí, tó jẹ́ ìkẹyìn, tàwọn ni yóò jẹ́ látòkèdélẹ̀.

Elétí fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sórí fóònù rẹ̀ lọ́jọ́ náà. "Má gbàgbé ohùn mi o." Àwàdà ni Àlùmọ́gàjí kà á sí. Ó dá a lóhùn pé kó fọkàn balẹ̀, pé kò sẹ́ni tí àárò ohùn rẹ̀ yóò sọ, ó sì fi àwòrán ehoro tì í. Ó fi iṣẹ́ náà ránṣẹ́ sí yàrá ẹ̀rọ, ó pa kọ̀ǹpútà, ó sì lọ sílé tayọ̀tayọ̀.

Ọ̀sán ọjọ́ ìsinmi ni ètò náà máa ń wáyé. Bàbá tún wọ kóòtù pupa náà, bí ẹni pé àwọn inú tẹlifíṣọ̀n yóò rí i. Ó fa àga sún mọ́ ọn títí imú rẹ̀ fi fẹ́ẹ̀ kan gíláàsì. Àlùmọ́gàjí jókòó tì í, ó gbé ọwọ́ sábẹ́ ọwọ́ rẹ̀. Ètò bẹ̀rẹ̀. Olóòtú jáde, ó kí àwọn èèyàn, ó ń sọ ìdí tí wọ́n fi ń dágbére. Àfi bí àwòrán rẹ̀ ṣe parẹ́ láàárín ọ̀rọ̀. Òdòdó ló jáde dípò rẹ̀, òdòdó pupa nínú ìkòkò kan, kò mì, kò yẹ̀. Àkọlé tó wà lábẹ́ rẹ̀ ní kí àwọn òǹwòran mú sùúrù, pé ètò yóò padà láìpẹ́.

Àlùmọ́gàjí mú sùúrù. Òdòdó kò kúrò. Fóònù rẹ̀ gbọ̀n lórí tábìlì, Elétí ni.

"Ṣé o fi ohùn mi sí i báyìí? Bí ẹ̀rọ yẹn ò bá gbọ́ nǹkan kan, ó máa rò pé ètò ti kú ni, á sì gbé òdòdó síbẹ̀. Mo mà sọ fún yín."

Ó sọ fún wọn lóòótọ́. Ẹ̀rọ kò mọ adití. Gbogbo ọdún tí wọ́n fi rẹ́rìn-ín yẹn, ohun tí wọ́n ń rẹ́rìn-ín sí nìyẹn. Àlùmọ́gàjí fi ọwọ́ kan tẹ ọ̀rọ̀ sí ọ̀gá ilé iṣẹ́, ọwọ́ kejì ṣì wà lábẹ́ ti bàbá rẹ̀. Ọ̀gá dáhùn kíákíá, ó sì níwà pẹ̀lẹ́ pàápàá. Ó ní kò sẹ́ni nínú yàrá ẹ̀rọ lọ́jọ́ ìsinmi, ẹ̀rọ ló ń dá ṣe é. Ó ní ètò ẹlòmíì ló máa tẹ̀ lé e, láti ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ sì ni àyè náà ti di ti ẹlòmíì, pé ó dun òun púpọ̀.

Bàbá fọwọ́ tẹ ọwọ́ rẹ̀.

"Ó ti kàn mí," ó ní. "Mo rí ara mi. Kóòtù mi nìyẹn."

Àlùmọ́gàjí wo òdòdó pupa náà. Ó lè sọ fún un, ọ̀rọ̀ náà kò le, ìka bíi mélòó kan ni. Ó kórìíra ọwọ́ ara rẹ̀ nígbà yẹn, ọwọ́ tó gbéraga tó fi ìlà náà sílẹ̀ lófìfo, ọwọ́ náà sì kọ̀, kò lè sọ ọ́. Òun ló gé àwòrán náà, ó mọ gbogbo ọ̀rọ̀ bàbá rẹ̀ bí wọ́n ṣe tẹ̀ lé ara wọn. Ó bá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ wọ́n fún un lọ́wọ́, ọ̀kọ̀ọ̀kan. Bàbá ń mi orí. Nígbà tó dé ibi tí ìyàwó rẹ̀ ti ń bá wọn jà nítorí ọwọ́, ó rẹ́rìn-ín sí ọ̀rọ̀ ara rẹ̀. Ọmọ náà ń sọ ọ́ lọ, omijé ń bọ́, inú rẹ̀ sì dùn fún ohun kan ṣoṣo, pé bàbá kò rí ojú òun.

Ó dé ibi tó ti ní kí wọ́n múra. Bàbá fa ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ yọ. Ó fà á kọjá níwájú orí, ó ṣí i sílẹ̀ lókè, ó kọjú rẹ̀ sí tẹlifíṣọ̀n. Àlùmọ́gàjí náà gbé tirẹ̀ sókè, ó pe ìyá rẹ̀. Ọwọ́ méjì péré ló pè é ní gbogbo ayé.

Fóònù ń gbọ̀n lórí tábìlì láìdúró. Ẹnì kan ní ìyá òun arúgbó ń bi òun pé ṣé wọ́n ti fagi lé ètò náà ni. Ẹlòmíì ní òdòdó nìkan làwọn ń wò. Obìnrin tó di kámẹ́rà mú kọ ọ́ pé "Kò mọ adití," kò sì fi ẹ̀rín sí i. Àlùmọ́gàjí dojú fóònù náà délẹ̀.

Bàbá ń fi ọwọ́ òsì wá ọwọ́ rẹ̀. "Ṣé wọ́n ń pè é?"

"Wọ́n ń pè é, Bàbá. Gbogbo wọn."

Ojú bàbá tàn. Ọmọ rẹ̀ gbìyànjú láti rọra fa apá rẹ̀ wálẹ̀, nítorí pé ó ti ń gbọ̀n gan-an, ṣùgbọ́n ó kọ̀.

"Jẹ́ kó wà níbẹ̀ díẹ̀ sí i," ó ní. "Àwọn míì ti darúgbó, ọwọ́ wọn ò yá mọ́. Jẹ́ ká dúró dè wọ́n."

Ó sì dúró dè wọ́n, ìka márààrún ní ṣíṣí, níwájú òdòdó.