Ṣé Òkè Mọ́?

Gbogbo Ọ̀kà Àkókó ló mọ̀ pé ìdí mi tóbi bí odó, ẹnu mi sì tóbi ju ìdí lọ. Ẹnu náà ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ ẹ̀.

Akínlọ́lá, ọmọ Ìbíyínká ọmọ mi, kọ́ bí wọ́n ṣe ń wa ọkọ̀ òfurufú kékeré. Ó ní lọ́jọ́ Sátidé òun á gbé e láti Àkúrẹ́, òun á sì gba orí ilé mi kọjá.

"Fò nísàlẹ̀ dáadáa kí n rí ojú ẹ," mo wí.

"Màmá Ọ̀kà, òfin ò gbà. Níbi tí òkè bá wà, a gbọ́dọ̀ fi ẹgbẹ̀rún méjì ẹsẹ̀ bàtà ga ju èyí tó ga jù níbẹ̀ lọ."

"Ẹsẹ̀ bàtà ta ni? Tó bá jẹ́ tèmi, o ò ní padà délé!"

Ó rẹ́rìn-ín. Mi ò fi í lọ́rùn sílẹ̀. Mo ní ṣé ìgbà tí mo bá wà nínú pósí ló fẹ́ kí n rí òun ni. Ó mí kanlẹ̀.

"Ó dáa. Tí òkè bá mọ́, màá sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀. Ẹ̀ẹ̀kan péré."

Tí òkè bá mọ́! Èmi àti Kafilat ará ilé kejì fi odindi ọjọ́ Fúráìdé gbá òkè àpáta tó wà lẹ́yìn ilé. A ro koríko ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, a kó ìgbẹ́ ewúrẹ́ kúrò.

"Ìyá, ṣé ibí ló máa bà sí ni?"

"Gbálẹ̀, jàre!"

Láàárọ̀ Sátidé, orí póò ni mo wà, fèrèsé ṣì wà ní títì, nígbà tó pè.

"Màmá, mo fẹ́ gbéra. Ṣé òkè mọ́ lọ́dọ̀ yín?"

"Ó mọ́ tónítóní! O lè jẹ iyán lórí ẹ̀!"

Ìgbà tí mo ṣílẹ̀kùn, kùrukùru ti bo gbogbo ìlú. Mi ò rí ilé Kafilat, ká má tiẹ̀ sọ àpáta. Ìgbà yẹn ló yé mi pé ojú sánmà lọmọ ń béèrè. Mo pè é títí. Ó ti pa fóònù.

Mo gun àpáta náà, mo ń ju ìró pupa mi sókè kó lè rí i. Mo gbọ́ ìró ọkọ̀ náà nísàlẹ̀, nísàlẹ̀ gan-an. Ó ń wá mi. Mo ń pariwo bíi wèrè: "Lọ sókè! Akínlọ́lá, lọ sókè!"

Òkè náà ló lọ. Ariwo kan ṣoṣo ni mo gbọ́, lápá ibi tí òkè ti ga jù.

Ọjọ́ kejì ni wọ́n tó gbé òkú ẹ̀ sọ̀ kalẹ̀. Ìbíyínká ti dé láti Ìkàrẹ́, níbi tó ti ń ṣe tíṣà. Kò sunkún. Ó jókòó tì mí.

"Ó pè mí lẹ́yìn tó pè yín," ó wí. "Mo ní kùrukùru wà n'Ìkàrẹ́, kó má wá. Ó ní Màmá Ọ̀kà ti ní òkè mọ́ tónítóní." Ó wò mí lójú. "Màmá, òkè wo?"

Mo la ẹnu ńlá yìí. Mo na ìka sí ìgbálẹ̀ tó wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn.