Orúkọ Tí Morìnsọ́lá Tẹ̀

Ọwọ́ kan wà tí Morìnsọ́lá ń bá ọkọ rẹ̀ fi pamọ́. Ọwọ́ òsì Yínúsà ni. Ní ọdún 1986, nígbà tó ṣì ń já ẹrù ní wọ́fù Apápá, àpótí irin já bọ́ lára kíréènì, ó sì tẹ ọwọ́ náà mọ́lẹ̀. Egbò jinná, ṣùgbọ́n ìka mẹ́ta kò ká mọ́. Kò sẹ́ni tó san kọ́bọ̀ fún un. Odidi ọdún méjì ni Yínúsà fi jókòó sórí àpótí lẹ́nu ọ̀nà yàrá wọn ní Ajégúnlẹ̀, tó ń wo ìyàwó rẹ̀ bó ṣe ń jáde lọ síbi iṣẹ́, tí kì í sì í dá a lóhùn tó bá ní ó dàbọ̀.

Ìgbà tí Alàgbà Ephraim ra ọkọ̀ ojú omi kékeré kan tí wọ́n fi ń ṣe fàájì, lọ́wọ́ òyìnbó tó ń padà sílùú rẹ̀, ni ilẹ̀ mọ́ fún wọn. Alàgbà ń bá àwọn oníṣòwò gba ẹrù jáde ní èbúté, ó sì lówó, ṣùgbọ́n kò mọ omi. Yínúsà mọ̀ ọ́n. Orí ọ̀sà ni bàbá rẹ̀ ti tọ́ ọ dàgbà. Ó ki ọwọ́ òsì bọ àpò ṣòkòtò, ó fi ọ̀tún gba kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀, iṣẹ́ bọ́ sí i lọ́wọ́.

Wàhálà ibẹ̀ ni pé ọ́fíìsì ìnṣọ́ránsì tí Morìnsọ́lá ti ń tẹ̀wé ní Wharf Road ni Alàgbà gbé ọ̀rọ̀ ọkọ̀ náà wá.

"Ọ̀nà mẹ́ta ló wà, sà," ni Dáhùnsí, ọ̀gá Morìnsọ́lá, ń wí. "Àkọ́kọ́, bí ọkọ̀ yín bá kọlu ti ẹlòmíì, a ó bá yín tún ti onítọ̀hún ṣe, ẹ ó sì fúnra yín gbọ́ bùkátà tiyín. Èkejì, a ó tún tiyín náà ṣe, ìbáà jẹ́ ìjì, ìbáà jẹ́ olè. Ẹ̀kẹta ni èkejì yẹn, pẹ̀lú àwọn èèyàn tó bá wà nínú ọkọ̀: ẹ̀yin, àlejò yín, awakọ̀. Bí nǹkan bá ṣe wọ́n..."

"Kí ni yóò ṣe wọ́n?"

Màmá Josephine, ìyàwó Alàgbà, ló béèrè. Ohùn rẹ̀ kò sókè rárá.

"Ẹ má bínú, mà. Mo ní ká ní ọkọ̀ bá..."

"Ta ló rán ọ sí wa? Ọjọ́ Àìkú tó ń bọ̀ yìí lèmi àtàwọn ọmọ mi fẹ́ gbé ọkọ̀ jáde lẹ́yìn ìsìn. O wá jókòó, ò ń ka ohun tí yóò ṣe wá sí mi létí. A kì í fẹnu ara ẹni pe òfò wálé. Ti èèyàn yẹn, fa igi lé e. Ọkọ̀ nìkan ni kó o kọ."

Alàgbà mi orí. Dáhùnsí náà mi tirẹ̀ kíákíá. Ó ti mọ irú àwọn oníbàárà bẹ́ẹ̀. Wọ́n á ra ti mọ́tò, wọ́n á ra ti ẹrù, ṣùgbọ́n tó bá ti kan èèyàn, wọ́n á yíwọ́ ká orí, wọ́n á ta ìka, wọ́n á sì dìde ńlẹ̀. Kì í bá wọn jiyàn mọ́.

Ìka Morìnsọ́lá dúró lórí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé. Àpótí ẹnu ọ̀nà yẹn padà sí i lójú. Kí ni ó fẹ́ sọ? Ìyàwó wo ló ń fẹnu ara rẹ̀ sọ pé bí ọkọ òun bá bómi lọ? Bó bá sì jẹ́ ti ọwọ́ ló sọ, iṣẹ́ ọkọ rẹ̀ parí nìyẹn. Ó bojú wo ìta láti ojú fèrèsé. Yínúsà wà nísàlẹ̀, ó fara ti mọ́tò Alàgbà, ọwọ́ rẹ̀ wà nínú àpò.

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, mo fẹ́ sọ̀rọ̀ kan."

"Tẹ ìwé rẹ," ni Dáhùnsí wí.

"Mi ò fẹ́ pe ohun tí kò tíì ṣẹlẹ̀, mà. Ohun tó ti ṣẹlẹ̀ ni mo fẹ́ sọ."

Ó sì sọ ọ́: kíréènì, àpótí irin, kọ́bọ̀ tẹ́nikẹ́ni kò san, ọdún méjì lẹ́nu ọ̀nà.

"Ó mà ṣe o," ni Màmá Josephine wí. "Ta ni ọkùnrin náà?"

"Awakọ̀ yín ni, mà. Ọkọ mi ni."

Alàgbà ti ń nawọ́ sí fìlà rẹ̀. "Ẹni tó ní ọwọ́ kan ló fẹ́ gbé àwọn ọmọ mi gorí omi? Ẹ jẹ́ ká lọ sí jẹ́tì tí wọ́n so ọkọ̀ mọ́."

Ní jẹ́tì, Alàgbà ní kí Yínúsà yọ ọwọ́ òsì jáde. Yínúsà yọ ọ́. Ó wo ìyàwó rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan péré, kò sì wò ó mọ́.

"Bọ́ sínú ọkọ̀. Lọ yípo níwájú ọ̀hún, kó o padà wá so ó mọ́ òpó yìí. Kí ẹnikẹ́ni má ràn án lọ́wọ́."

Omi ń fà padà sí òkun, atẹ́gùn sì ń bá a jà. Nígbà tí Yínúsà fi máa yí padà, ọkọ̀ ńlá kan ń kọjá lọ sí wọ́fù, ìgbì rẹ̀ sì ń tẹ̀ lé e bọ̀. Yínúsà fi orúnkún ti ìdarí ọkọ̀ kó má yí. Ó lọ́ okùn mọ́ ọrùn ọwọ́ òsì, ó fi eyín di etí okùn mú, ó na ọ̀tún sí òpó. Ìgbì àkọ́kọ́ dé. Ọkọ̀ forí sọ igi jẹ́tì, ó sì ha á lára gbọọrọ. Ìgbì kejì fa ọkọ̀ padà, okùn le, ó fún mọ́ ọrùn ọwọ́, ó wọ́ Yínúsà dé etí ọkọ̀. Yínúsà yí apá rẹ̀ po, ó ju okùn lé òpó, ó sì fi gbogbo ara fà á. Okùn dì mọ́ òpó.

Alàgbà bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ń fọwọ́ pa ibi tí ọ̀dà ti bó lára ọkọ̀.

"A ò tíì tọwọ́ bọ̀wé o, sà," ni Dáhùnsí wí. "Eléyìí kò sí lọ́rùn wa."

Ọ̀dọ̀ Yínúsà ni Màmá Josephine lọ. Okùn ti bó o láwọ, ẹ̀jẹ̀ ń jáde.

"Ṣé ó dùn ọ́?"

"Rárá, mà."

"Irọ́ lò ń pa." Ó yíjú sí ọkọ rẹ̀. "Bàbá, ara ọkọ̀ bó, ara èèyàn bó. Ara ọkọ̀ ni gbogbo yín ń wò." "Dáhùnsí, èyí tó ní èèyàn nínú ni kó o kọ. Má ka ìdí rẹ̀ fún mi."

"A ó kọ ti ọwọ́ náà sí i, mà," ni Morìnsọ́lá wí. "Tá a bá fi pamọ́, àwọn ìnṣọ́ránsì ò ní dá wa lóhùn lọ́jọ́ tá a bá nílò wọn."

Alàgbà nàró. Ó wo omi pẹ́. "Yóò máa wà á," ló wí nígbẹ̀yìn. "Ẹlòmíì ni yóò máa so okùn. Yínúsà, ọwọ́ kì í ṣe ohun tí à ń fi pamọ́ fún ọ̀gá ẹni."

"Ẹ má bínú, sà."

Wọ́n padà sí ọ́fíìsì. Dáhùnsí ń ka ìbéèrè, Morìnsọ́lá ń tẹ èsì. Yínúsà dúró lẹ́bàá ilẹ̀kùn, ó fi áńkáṣíìfù di ọrùn ọwọ́. Láti jẹ́tì, kò tíì bá ìyàwó rẹ̀ sọ̀rọ̀.

"Ó kan awakọ̀," ni Dáhùnsí wí. "Bí nǹkan bá..." Ó wo Màmá Josephine, ó gbé ìyókù mì. "Orúkọ ta ni ká kọ síbí, ẹni tí a ó san owó náà fún?"

"Ìyàwó mi," ni Yínúsà wí.

"Bí ìwé ṣe ní ká béèrè ni: kí lorúkọ rẹ̀?"

"Òun náà kúkú mọ̀ ọ́n."

Morìnsọ́lá tẹ̀ ẹ́. Ariwo ẹ̀rọ náà gba gbogbo yàrá. Nígbà tó tẹ̀ ẹ́ tán, kò lè fa ìwé náà yọ. Ohun tó ń wá ti bọ́ sí i lọ́wọ́, ìgbà yìí ló tó rí ojú rẹ̀: orúkọ òun fúnra rẹ̀ jókòó síbẹ̀, ó ń retí ọjọ́ tí Yínúsà kò ní padà wálé.

"Kí n má gba owó náà láé," ló wí.

"Àmín," ni Màmá Josephine dáhùn, kò gbé orí sókè.

Yínúsà rìn wá láti ẹnu ọ̀nà. Ó gbé ọwọ́ òsì lé ẹ̀yìn àga ìyàwó rẹ̀, ó sì dúró síbẹ̀ títí Morìnsọ́lá fi fa ìwé náà yọ.