Ẹ Má Fo Inísà

3.

…ẹnikẹ́ni kò sì gbọdọ̀ fo ọ̀kan bọ́ sí èkejì.

ÌPELE KÌÍNÍ, INÍSÀ: ẹni tí ń gbọ́.
ÌPELE KEJÌ, ÌKÌRUN: ẹni tí ń tú ẹ̀rọ.
ÌPELE KẸTA, ÒKUKÙ: ẹni tí a ń sá tọ̀ nígbà tí gbogbo rẹ̀ bá sú wa.

(Ara ògiri ṣọ́ọ̀bù kọ̀ǹpútà ní Inísà. Atẹ́gùn ti fa òkè rẹ̀ ya.)

4.

Ọdún 1996 ni. Àbí 1997. A ò ní jà lé e lórí.

Àtọ́kẹ́ ni ìpele kìíní, kò sì dùn mọ́ ọn nínú rárá. Ta ló fẹ́ máa gbọ́ ẹjọ́ nígbà tí àwọn ẹlòmíràn ń tú ẹ̀rọ? Ìbéèrè mẹ́ta ni gbogbo iṣẹ́ rẹ̀:

Kí lẹ ṣe kó tó kú?
Iná yín ńkọ́?
Kí ló wà nínú rẹ̀ tí ẹ ò fẹ́ kó sọnù?

5.

Bàbá Ọmọ́dára, ọ̀gá akọrin ìjọ Áńgílíkà, gbé kọ̀ǹpútà rẹ̀ kọjá níwájú ṣọ́ọ̀bù. Ìró Jemima, ìyàwó rẹ̀ tó ti dolóògbé, ló fi wé e.

ÀTỌ́KẸ́: Ẹ kú ìrìn, sà. Ẹ jẹ́ ká yẹ̀ ẹ́ wò níbí ná.
ỌMỌ́DÁRA: Má ṣèyọnu, ọmọ mi. Bọ́lájí ọkọ Túnráyọ̀ mi ló wà ní Ìkìrun.
ÀTỌ́KẸ́: Ìbéèrè mẹ́ta péré ni, sà.
ỌMỌ́DÁRA: Ẹni tó ní baba ní ìgbẹ́jọ́ kì í jẹ̀bi. Ọkọ̀ ń lọ.

6.

Ní Ìkìrun, Bọ́lájí dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Ta ní jẹ́ máa bi àna rẹ̀ léèrè ọ̀rọ̀ bí ọmọ ilé ìwé? Bàbá ìyàwó ní kó tún un ṣe. Ó nu gbogbo inú rẹ̀ nù, ó sì tò ó ní tuntun.

7.

Ẹ̀rọ náà ń ṣiṣẹ́ dáadáa.

8.

Gbogbo orin tí Bàbá Ọmọ́dára kọ láyé rẹ̀ ló wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ó ti dáná sun àwọn ìwé wọn. Ó ní ikán kì í jẹ kọ̀ǹpútà.

Ọ̀kan wà tó kọ fún Jemima. Ọjọ́ Ìsinmi tó ń bọ̀ ni wọn yóò kọ ọ́ níbi ìsìn ìrántí rẹ̀.

9.

(Ìwé pélébé láàárín Ìkìrun àti Òkukù, láti ọwọ́ awakọ̀.)

Ẹnjiníà Mákánjúọlá, mo gbé ẹ̀rọ yìí ránṣẹ́. Ẹ gbà mí, sà. Ẹrù àna mi ni. Bọ́lájí.

Bọ́lájí, o ti kọ nǹkan mìíràn lé e lórí. Wóróǹwóró ni mo ń bá. Kí ni mo tiẹ̀ ń wá? Bi ìpele kìíní. M.

10.

(Bàbá Ọmọ́dára ti padà wá sí Inísà.)

ÀTỌ́KẸ́: Kí ló wà nínú rẹ̀ tí ẹ ò fẹ́ kó sọnù, sà?



ỌMỌ́DÁRA: Orin ìyá Túnráyọ̀.
ÀTỌ́KẸ́: Ẹ máa kọ ọ́ lọ, èmi á máa tẹ̀ ẹ́.
ỌMỌ́DÁRA: "Jemima, ilẹ̀ mọ́, ìwọ lo kọ́kọ́ ṣílẹ̀kùn…"
ÀTỌ́KẸ́: Mo ń gbọ́ yín, sà.
ỌMỌ́DÁRA: "…ṣílẹ̀kùn…"

Àánú rẹ̀ ṣe Àtọ́kẹ́ débi pé kò lè wo ojú rẹ̀.

11.

Ẹnjiníà, ẹ wá ibi tí "ṣílẹ̀kùn" bá wà. Ìlà tó tẹ̀lé e là ń wá. Àtọ́kẹ́, ìpele kìíní.

(Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí kò tijú láti kọ ìpele rẹ̀ mọ́ orúkọ rẹ̀.)

12.

Ní ọjọ́ Ìsinmi, akọrin kọ ìlà kìíní. Wọ́n pa ẹnu dé, wọ́n fi imú kun ohùn ìyókù. Bọ́lájí dúró sẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì, kò jókòó.

13.

Àtọ́kẹ́, mo rí "ṣílẹ̀kùn". Ọ̀rọ̀ kan ló kù lẹ́yìn rẹ̀: "dúró". Ta ló dúró? Bi bàbá. M.

Bàbá Ọmọ́dára ka ìwé náà, ó tún un kà. Ó ní, "Mo mọ̀ ọ́n nígbà kan."

14.

Nígbà tí Àtọ́kẹ́ di ọ̀gá ìpele kẹta ní Ìbàdàn, àárò Inísà máa ń sọ ọ́. Eruku ọ̀nà Òkukù lára ẹ̀rọ. Awakọ̀ tí ń na ìwé pélébé sí i láì pa ẹ́ńjìnnì. Àwọn àgbà tí yóò kọ́kọ́ ròyìn ará ilé tán kí wọ́n tó dárúkọ ohun tó bà jẹ́.

Àwọn ọmọ tuntun ń kánjú kúrò ní ìpele kìíní. Kì í bá wọn jà. Ó kàn máa ń ṣí ojú ìwé kan hàn wọ́n lórí kọ̀ǹpútà rẹ̀.

15.

Jemima, ilẹ̀ mọ́, ìwọ lo kọ́kọ́ ṣílẹ̀kùn,

                    dúró