Ọwọ́ Òsì Màdáàmù

Rodiyat ti yí Màdáàmù sí ẹ̀gbẹ́, ó ń fi omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ nu ọgbẹ́ tí ìdùbúlẹ̀ dá sí i ní ìbàdí, nígbà tí fóònù dún. Akínlóyè ni, ọ̀gá ilé iṣẹ́ tó ń rán an sílé àwọn arúgbó nílùú òyìnbó. Ó ní kó fi ìyẹn sílẹ̀, ẹlòmíràn ń dúró dè é ní àdúgbò Hulme.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, ọgbẹ́ yìí ti jìn. Ẹ jẹ́ ká pe nọ́ọ̀sì."

"Tó bá dé, tó ní níbo la wà tó fi dà báyìí ńkọ́?"

Rodiyat di ọgbẹ́ náà, ó lọ.

Ará Faransé ni Màdáàmù Vautrin. Ó kọ́ni ní fìlọ́sọ́fì ní yunifásítì títí ó fi darúgbó. Ọ̀rọ̀ obìnrin tó ń fọṣọ, tó ń gbálẹ̀, tó ń tọ́jú aláìsàn ló kún inú ìwé rẹ̀. Ó ní kí ẹnikẹ́ni má ṣe bá wọn dáhùn. Àwọn gan-an ni kí a bi. Ó mú àwọn obìnrin agbálẹ̀ wọ kíláàsì rẹ̀ rí pé kí wọ́n wá kọ́ni. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi í ṣẹ̀sín. Kò jáwọ́.

Nígbà tí Rodiyat fi máa mọ̀ ọ́n, àrùn rọpárọsẹ̀ ti gba ohùn rẹ̀ àti apá ọ̀tún. Ọwọ́ òsì nìkan ló kù. Bí Rodiyat bá kúnlẹ̀ kí i láàárọ̀, ọwọ́ náà á fà á lápá títí yóò fi dìde jókòó tì í.

Lọ́jọ́ tí aṣojú ìjọba ìbílẹ̀ fẹ́ wá yẹ iṣẹ́ wọn wò, Akínlóyè ti ṣáájú rẹ̀ dé ilé náà ní Levenshulme, tòun ti òdòdó. Ó rán Rodiyat létí pé orúkọ ilé iṣẹ́ òun ló wà lórí físà tó fi ń gbé ìlú náà. Ó béèrè Jọlá, ọmọ Rodiyat. Ṣé ilé ẹ̀kọ́ ti mọ́ ọn lára? Lẹ́yìn náà ó rẹ́rìn-ín.

"Àbúrò mi, a kì í fi ọwọ́ òsì júwe ilé baba ẹni. Ẹ̀gbọ́n ẹ ni mí ńbí."

"Mo ti gbọ́, sà."

Obìnrin jẹ́jẹ́ ni aṣojú náà. Ó fa àga, ó kọjú sí Rodiyat.

"Ẹ̀yin tí ẹ ń wẹ̀ wọ́n gan-an ni mo fẹ́ bi. Ṣé kò sí ọgbẹ́ lára wọn?"

Màdáàmù gbé ọwọ́ òsì rẹ̀. Ó ń nà án sí ìbàdí. Akínlóyè rọra gbá a mú, ó tẹ̀ ẹ́ bọ abẹ́ aṣọ ìbora. Ó ní òtútù ń mú wọn.

Rodiyat wo ilẹ̀. Wọn kò tọ́ ọ láti já àgbà nírọ́ lójú àlejò. Ó sì rántí Jọlá.

"Kò sí," ló wí.

Obìnrin náà dúpẹ́, ó lọ.

Láti ọjọ́ yẹn, bí Rodiyat bá kúnlẹ̀, ọwọ́ òsì náà kì í fà á dìde mọ́.

Ọgbẹ́ náà dé egungun. Wọ́n gbé Màdáàmù lọ sí ọsibítù, kò padà wálé. Akínlóyè fún Rodiyat ní arúgbó mìíràn lọ́sẹ̀ náà gan-an.

Yunifásítì wá kó àwọn ìwé. Kò sí ẹni tó gba bẹ́ẹ̀dì. Àbàwọ́n ọgbẹ́ wà lójú fóòmù rẹ̀, ó tó àtẹ́lẹwọ́.