Ilẹ̀ Tó Wà Lábẹ́ Àpótí Ẹja

Ẹ má bínú sí mi, bí wọ́n bá ti bú iṣẹ́ ọwọ́ mi, mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń dákẹ́. Kọnkéré ni mò ń dà jẹun. Bàbá mi ló kọ́ mi. Àwọn ọkùnrin tó fi mí ṣẹlẹ́yà nígbà náà, abẹ́ mi ni wọ́n ti ń ṣiṣẹ́ báyìí. Nígbà tí àbúrò mi tí a ń pè ní Ẹlẹ́ja sọ pé òun fẹ́ gbé àpótí gíláàsì ńlá tí òun ó máa sin ẹja sí sínú pálọ̀ òkè, tó ní igi gogoro má gùn mí lójú, òkèèrè la ti ń wò ó, pé ṣé ilẹ̀ á lè gbà á, ẹ̀rín ni mo fi dá a lóhùn. Ta ló da ilẹ̀ ọ̀hún?

Mo ṣáà lọ wò ó. Àpótí náà gùn ju bẹ́ẹ̀dì lọ. Bí omi bá kún inú rẹ̀, ó máa wúwo ju ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ lọ. Àárín pálọ̀ ló fẹ́ gbé e sí kí àlejò lè máa yí i ká. Mo ní irọ́ ni, kó sún un mọ́ ògiri tó gbé bíìmù ró, kó fi pákó tó nípọn sábẹ́ rẹ̀ kí ìwúwo rẹ̀ lè tàn ká. Mo ní kó pe ẹnjiníà tó bá wù ú. Ó pè é, onítọ̀hún wọn ibi gbogbo, òun náà ní kò séwu.

Ṣùgbọ́n yàrá ìyá wa ló wà lábẹ́ ibẹ̀ gan-an. Lọ́jọ́ tí àpótí dé, kí wọ́n tó bu omi sí i, ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni mo bá bẹ́ẹ̀dì màmá, tòun ti oògùn wọn lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó dùn mí wọra. Ẹni tó bí mi ò gbà pé iṣẹ́ mi lè gbé omi dúró? Ẹlẹ́ja ní bí màmá ò bá padà sí yàrá, òun á dá àpótí padà, òun ò lè torí ẹja lé ìyá òun síta. Ó tún ní àbí ilẹ̀ ìfọṣọ ẹ̀yìnkùlé ló ń bà wọ́n lẹ́rù.

Ọjọ́ tí mo da ilẹ̀ òkè náà ni mo da ilẹ̀ ìfọṣọ yẹn. Kò pẹ́ tó fi sán, tó ń fọ́ wẹ́wẹ́. Ẹni tó bá fẹsẹ̀ kọ níbẹ̀, orúkọ mi ló ń kọ́kọ́ pè. Òun nìkan sì ni èébú tí mi ò fèsì sí rí.

Mo jókòó ti màmá, mo ní kí ló dé. Wọ́n ní kì í ṣe èmi ni àwọn ò gbẹ́kẹ̀ lé.

"Mo bomi sí i," ni wọ́n wí. "Lọ́jọ́ tẹ́ ẹ̀ ń da ilẹ̀ òkè yẹn, o lóyún, o ń fi ṣọ́bìrì po nǹkan tó le koránkorán. Àánú ẹ ṣe mí. Nígbà tẹ́ ẹ lọ jẹun, mo da odindi korobá omi sí i kó lè rọ̀ ẹ́ lọ́rùn. Ẹ̀yìn ìgbà yẹn ni mo tó gbọ́ lẹ́nu bàbá yín pé omi àpọ̀jù ń ba kọnkéré jẹ́. Ojú ń tì mí láti sọ."

Mi ò mọ̀ bóyá kí n rẹ́rìn-ín ni àbí kí n sunkún. Mo ní nígbà tí mo ti ibi oúnjẹ dé, tí mo ri ṣọ́bìrì bọ̀ ọ́, tó ń ṣàn bí ẹ̀kọ, mo ti mọ̀. Mo rí korobá wọn lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

"Màmá, èyí tẹ́ ẹ bomi là ò dé òkè rárá. Mo po òmíràn. Ilẹ̀ ìfọṣọ ni mo da tiyín sí, kí bàbá má baà mọ̀."

Wọ́n béèrè ìdí tí mo fi ń jẹ́ kí àwọn èèyàn máa bú mi látìgbà yẹn. Mo ní kì í ṣe gbogbo ohun tójú rí lẹnu ń sọ.

Màmá dìde. Wọ́n ní kí n di orí bẹ́ẹ̀dì mú. A gbé e padà sí yàrá, abẹ́ àpótí gan-an. Kí omi tó kún inú rẹ̀, wọ́n ti ń hanrun.

Nígbà tí ẹbí wá wo ẹja, Ẹlẹ́ja gba ẹ̀yìnkùlé, ó fẹsẹ̀ kọ, ó sì ní kí wọ́n wá wo iṣẹ́ ọwọ́ ẹ̀gbọ́n òun. Mo dákẹ́ bí mo ṣe máa ń ṣe. Ojú fèrèsé ni màmá ti dá a lóhùn.

"Fi ẹ̀gbọ́n ẹ sílẹ̀. Èmi ni mo ba ibẹ̀ yẹn jẹ́."