Kànga Tí A Dí De Àlejò

Ẹni tó bá fẹ́ mọ bí inú ilẹ̀ Ìsọlọ̀ ṣe rí, kó bi Fákúnlé. Ará Ìkìrun ni, kànga gbígbẹ́ sì niṣẹ́ rẹ̀. Nígbà tí onígbáméjì pa Mùnírù, ọmọ Sàfúrátù tí òun àti Fákúnlé jọ ń gbé ilé kan náà, gbogbo àdúgbò mọ̀ pé omi odò ẹ̀yìn ojú irin ló fà á. Fákúnlé gbẹ́ kànga fún wọn, kò gba kọ́bọ̀. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ló fi wà nínú ilẹ̀ bí òkété. Lọ́jọ́ tí omi sun, Sàfúrátù fọwọ́ bù ú, ó wò ó títí, ó mu ún.

Ọdún tí owó Údójì, àfikún owó oṣù àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba, jáde ni Ọ̀gbẹ́ni Albert Adéyínká, akọ̀wé ní pápá ọkọ̀ òfurufú, fi tirẹ̀ ra fíríìjì, tẹlifíṣàn, àti ipò alága Ẹgbẹ́ Ìdàgbàsókè Àdúgbò. Ó kọ̀wé sí ẹgbẹ́ aláàánú kan lókè òkun láti tọrọ ẹ̀rọ omi. Èsì dé pé àwọn tó ti fọwọ́ ara wọn bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, tí agbára wọn kò gbé e parí, ni wọ́n ń ràn lọ́wọ́. Wọ́n ń bọ̀ wá wo iṣẹ́ náà.

"Fákúnlé, kànga yìí ti parí jù," ni alága wí.

"Ṣé kànga tún máa ń parí jù ni, sà?"

"Bí wọ́n bá bá omi níbẹ̀, kí ni wọ́n fẹ́ ràn wá ṣe? Dí i dé ìlàjì. Tí wọ́n bá lọ tán, ẹ̀rọ ni yóò máa fa omi dé ẹnu ọ̀nà kálukú."

"Sà, ilẹ̀ yanrìn ni. Bí a bá da iyẹ̀pẹ̀ lé orísun, ó lè má là mọ́. Omi kì í ṣe adìẹ tí à ń lé lọ ká tún fi àgbàdo tàn án wálé."

Alága rẹ́rìn-ín. Ó ní wọn yóò ya fọ́tò, ẹni tó bá wà nínú kòtò ni fọ́tò yóò mú jù. Ó ti ra ṣẹ́ẹ̀tì kákí sílẹ̀ fún un.

Ká má parọ́, ibẹ̀ lọ̀rọ̀ ti wọ Fákúnlé lára. Ó rí fọ́tò ara rẹ̀ lára ògiri lókè òkun. Sàfúrátù bẹ̀ ẹ́: "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dí i."

"Ọjọ́ méjì péré ni, Ìyá Mùnírù."

Orúkọ náà ti já bọ́ lẹ́nu rẹ̀ kó tó rántí. Sàfúrátù wọlé lọ.

Fákúnlé dí kànga náà dé ìlàjì. Ọ̀sẹ̀ méjì làwọn àlejò fi pẹ́ kí wọ́n tó dé. Òjò ń rọ̀ sínú kòtò. Nígbà tí wọ́n dé, Fákúnlé gbé dígà sókè, ó rẹ́rìn-ín sí kámẹ́rà. Alága mú wọn lọ sí pálọ̀. Ó ṣí fíríìjì, ó jẹ́ kí wọ́n rí iná inú rẹ̀ dáadáa kó tó mú ọtí ẹlẹ́rìndòdò jáde. Obìnrin òyìnbó tó ṣáájú wọn bi í pé kí ló le jù fún wọn. Omi ló yẹ kó pè. Ṣùgbọ́n ọkùnrin náà nà ró: "Lórílẹ̀-èdè wa lónìí, owó kọ́ ni ìṣòro wa. Bí a ó ṣe ná an ni." Obìnrin náà kọ ọ́ sílẹ̀. Ní ìrọ̀lẹ́, alága fúnra rẹ̀ ń sọ ọ́ láti ojúlé dé ojúlé, bí ẹni tó gba oyè.

Lẹ́tà dé lóṣù kejì. Inú wọn dùn láti gbọ́ pé owó kì í ṣe ìṣòro. Wọ́n ti gbé ìrànlọ́wọ́ náà lọ sí ilẹ̀ kan tí òjò ti kọ̀ láti rọ̀. Fọ́tò Fákúnlé wà nínú lẹ́tà náà.

Nígbà yẹn, Fákúnlé ti tún kànga náà gbẹ́ títí. Ẹ̀ẹ̀mejì ni ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ya lulẹ̀. Ẹlẹ́ẹ̀kejì bò ó dé ọrùn, okùn ni wọ́n fi fà á yọ. Ẹrẹ̀ funfun ló bá nísàlẹ̀, kò rí omi. Alága ní kí àdúgbò yan ìgbìmọ̀ tí yóò wádìí ibi tí omi gbà lọ.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, Sàfúrátù dúró lẹ́nu ọ̀nà Fákúnlé, garawa lórí rẹ̀.

"Ẹ jẹ́ n rí fọ́tò yín."

Ó wò ó títí, bó ṣe wo omi lọ́jọ́ kìíní.

"Ẹ rẹ́rìn-ín dáadáa níbẹ̀, ẹ̀gbọ́n."

Ó dá a padà fún un, ó kọjú sí ọ̀nà ojú irin. Fákúnlé mú garawa tirẹ̀ lẹ́yìn ilẹ̀kùn, ó tẹ̀ lé e lókèèrè, bí ẹni tí kò fẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé odò kan náà ni wọ́n jọ ń lọ.